Ẹ tó gun òkè Afadja ní Ghana: Kí ló wà nídìí owó tí ẹ ń san fún afinimọ̀nà?

Ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí ni akọ̀ròyìn wa bá àwọn ọ̀dọ́ kan sọ nígbà tí wọ́n ń múra ìrìnàjò lọ sí ẹkùn Volta ní orílẹ̀èdè Ghana láti lọ gun òkè.

Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé tí ọmọ bá sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé òun fẹ́ náwó wọkọ̀ kọjá orílẹ̀èdè méjì, kí òun lè lọ gun òkè kí òun sì tún sọ̀kalẹ̀, wọ́n á bi í pé kí ló gbé síbẹ̀ tó fẹ́ lọ mú. Mo rò pé ẹ̀yin náà ti dáhùn ìbéèrè yẹn nílé kẹ́ ẹ tó wá síbí.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú kúrò níbí lónìí. Owó tẹ́ ẹ máa san nísàlẹ̀ òkè, àti ẹni tí wọ́n máa ní kó ṣáájú yín gòkè, àwọn gan-an ni wọ́n ṣe pàtàkì jù nínú ìrìnàjò náà. Ọ̀pọ̀ àlejò ló ka owó yẹn sí ìyànjẹ. Wọ́n á ní máàpù wà lórí fóònù àwọn, wọ́n á ní ọ̀nà kan ló lọ sókè, kí wá ni àwọn fẹ́ fi afinimọ̀nà ṣe? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nídìí rẹ̀ fún yín.

Ibo ni òkè Afadja wà?

Òkè Afadja, tí àwọn míì ń pè ní Afadjato, wà ní ẹkùn Volta, lápá ìlà oòrùn Ghana, kò sì jìnnà sí ààlà Togo. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 885, òun ni wọ́n sì mọ̀ sí òkè tó ga jù ní Ghana. Liati Wote ni abúlé tó wà lẹ́sẹ̀ òkè náà. Ìlú ńlá tó sún mọ́ ibẹ̀ ni Hohoe, ibẹ̀ lẹ ti máa ra ohun tẹ́ ẹ bá nílò, torí pé ọjà abúlé ò lè ní gbogbo rẹ̀.

Òkè náà kò dá dúró. Ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn òkè tó so mọ́ra wọn láti gúúsù Ghana, tí wọ́n gba Togo kọjá títí dé agbègbè Atakora ní Benin. Nítorí náà, téèyàn bá ti dé orí rẹ̀, ńṣe ló máa rí ẹ̀yìn òkè tó gùn lọ bẹẹrẹ níwájú rẹ̀, igbó bò ó, ilẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ́ lọ́tùn-ún àti lósì. Ìrìn orí ẹ̀yìn òkè yẹn ló ń wu ọ̀pọ̀ èèyàn ju gígun òkè fúnra rẹ̀ lọ.

Àwọn ará ibẹ̀ sọ pé inú èdè Ewe ni orúkọ Afadja ti wá, àti pé ọ̀rọ̀ nípa bíbá igbó jà ló wà nídìí rẹ̀, nítorí ewéko kan níbẹ̀ tó máa ń yún èèyàn lára. Ẹni tí wèrèpè bá ti kàn lára rí nínú yín á mọ irú ìjà tí wọ́n ń sọ. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn.

Ẹ má sì rò pé ilé àjèjì pátápátá lẹ̀ ń lọ. Ìtàn tí àwọn àgbà Ewe ń sọ ni pé Kétu làwọn ti ṣí wá, kí àwọn tó gba Notsé ní Togo kọjá. Kétu yẹn náà ni Kétu tiwa tó wà ní Benin lónìí. Tí wọ́n bá kí yín pé "Woezor", ẹ káàbọ̀ ni wọ́n ń sọ, "Yoo" sì lẹ máa dá wọn lóhùn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dúpẹ́, ẹ sọ pé "Akpe".

Ta ló ni igbó náà?

Igbó orí òkè yìí ní olówó. Ìlú àti ìdílé ló ni ilẹ̀ ibẹ̀ látayébáyé. Láti ìparí àwọn ọdún 1990 ni ẹgbẹ́ Ghana Wildlife Society ti ń bá àwọn ará Gbledi àti Fodome ṣiṣẹ́ kí wọ́n lè ya apá kan lára igbó náà sọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má gé e, kí ẹnikẹ́ni má sì dẹ ọdẹ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ dáàbò bò kò kéré. Labalábá oríṣiríṣi ló wà nínú igbó náà, tí iye irú wọn sì ju 300 lọ, yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ẹyẹ tí àwọn onímọ̀ ń tìtorí wọn wá láti ọ̀nà jíjìn.

Ẹ jẹ́ ká fi ara wa sí ipò ará abúlé yẹn. Tó bá ní òun kò ní fọwọ́ kan igbó, kí ló fi sílẹ̀? Ó fi oko kòkó tí ì bá dá síbẹ̀ sílẹ̀. Ó fi pákó sílẹ̀, ó fi èédú sílẹ̀, ó fi ẹran ìgbẹ́ tí ì bá tà lójú títì sílẹ̀. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń bọ̀ ní gbogbo sáà. Wọn ò lè jẹ ẹwà òkè lálẹ́.

Ibi tí owó tiyín ti wọlé nìyẹn. Owó tẹ́ ẹ san ní ọ́fíìsì abúlé, owó afinimọ̀nà, owó yàrá tàbí ti ibi tẹ́ ẹ pa àgọ́ sí, owó oúnjẹ tẹ́ ẹ rà lọ́wọ́ ìyá tó ń ta akple àti ọbẹ̀ ilá, òun ló ń jẹ́ kí igi tó dúró níye lórí ju igi tí wọ́n gé lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn lè ta igi ìrókò. Àmọ́ tí igi náà bá ṣì wà lórí ìdúró, àlejò ọdún yìí á sanwó, tọdún tó ń bọ̀ náà á san tiẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí irú nǹkan báyìí ti pẹ́, ẹ yà sí Tafi Atome ní ẹkùn Volta yẹn kan náà. Ọ̀bọ mona ló wà níbẹ̀, àwọn ará abúlé kì í sì í pa wọ́n torí pé ohun ọ̀wọ̀ ni wọ́n kà wọ́n sí. Nígbà tí àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó láti wá wò wọ́n, èèwọ̀ àtijọ́ náà tún wá di iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ ìlú.

Ẹ wá wo ẹni tó bá gba ẹ̀yìnkùlé yọ́ gun òkè kó má báa sanwó. Ó rí òkè, ó ya fọ́tò, ó padà sílé. Àmọ́ ó ti kọ́ ọ̀dọ́ abúlé kan pé igbó tó ń ṣọ́ kò lè bọ́ ọ.

Kí ni afinimọ̀nà mọ̀ tí fóònù kò mọ̀?

A jẹ́ mẹ́jọ lọ́jọ́ tí mo gun òkè náà. Kí afinimọ̀nà wa tó mú ọ̀pá rẹ̀, ẹsẹ̀ wa ló kọ́kọ́ wò. Ẹnì kan wọ sálúbàtà. Ó ní kó padà lọ wọ bàtà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó béèrè ẹni tó máa ń tètè rẹ̀ nínú wa. Arábìnrin kan rọra na ọwọ́ sókè. Ó mú un sí iwájú, lẹ́yìn òun gan-an, ó sì ní bí arábìnrin náà bá ṣe ń rìn ni gbogbo wa máa rìn. Àwọn géńdé tó wà láàárín wa kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ nù sẹ́yìn lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó fi ìkánjú gbowó mímí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gun òkè Ìdànrè máa rántí àtẹ̀gùn. Kò sí irú ẹ̀ ní Afadja. Gbòǹgbò igi àti òkúta ni àtẹ̀gùn tó wà níbẹ̀, ọ̀nà náà sì ga sókè ṣánṣán láti ìbẹ̀rẹ̀. Wákàtí kan sí méjì ló máa ń gba ọ̀pọ̀ èèyàn kí wọ́n tó dókè. Tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ máa rí adágún omi Volta lápá ìwọ̀ oòrùn tí ojú ọjọ́ bá mọ́, ìyẹn omi tó kóra jọ lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ ìdídò Akosombo parí lọ́dún 1965. Lápá kejì, àwọn òkè Togo lẹ máa rí.

Nígbà tí a dé òkè, èrò wa ni pé ká máa gba ẹ̀yìn òkè lọ díẹ̀ sí i. Oòrùn ṣì ń ràn lójú tiwa. Àmọ́ afinimọ̀nà wa dákẹ́, ó yíjú sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, ó sì ní ká máa padà. Ọ̀kan lára wa bá a jiyàn. Ó ní òun ti sanwó, pé kí ni òjò máa fi òun ṣe. Ọkùnrin náà kò fèsì. Ó yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, arábìnrin tó ṣáájú sì tẹ̀ lé e. Ó di dandan kí àwa yòókù tẹ̀ lé wọn.

A kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí òjò fi dé. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ilẹ̀ náà ti ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Àrá sán lórí òkè tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Ẹni tó jiyàn yẹn kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí a délẹ̀, òun ló kọ́kọ́ fún afinimọ̀nà lówó pé kó fi mu omi tútù.

Kí ni òjò àti òru lè ṣe lórí òkè?

Ibi tó ga jù ni àrá máa ń fẹ́ bọ́ sí. Ẹni tó bá wà lórí ẹ̀yìn òkè nígbà tí ààrá ń sán ti sọ ara rẹ̀ di ibi tó ga jù yẹn. Tẹ́ ẹ bá rí mọ̀nàmọ́ná, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá títí tẹ́ ẹ fi máa gbọ́ àrá. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta dúró fún nǹkan bíi kìlómítà kan. Tó bá ti dín ní 30, ó ti sún mọ́ yín jù, ẹ ti yẹ kẹ́ ẹ máa sọ̀kalẹ̀ nìyẹn. Ẹ má ṣe lọ sá pamọ́ sábẹ́ igi kan tó dá dúró.

Ní agbègbè yìí, òjò ńlá máa ń rọ̀ láti bíi oṣù kẹrin sí oṣù keje, ó sì tún máa ń padà wá ní oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá. Láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, ọyẹ́ ló máa ń wà. Ilẹ̀ á gbẹ, ìrìn á rọrùn, ṣùgbọ́n ọyẹ́ lè bo ojú òkè tí ẹ kò fi ní rí adágún kankan. Ìgbà yẹn náà sì ni iná tètè máa ń ran igbó.

Ọ̀rọ̀ òkùnkùn ńkọ́? Nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn ń wọ̀ lágbègbè wa, ilẹ̀ kì í sì í pẹ́ ṣú lẹ́yìn náà. Lábẹ́ igbó, ó máa ń ṣú kó tó ṣú níta. Nítorí náà, àárọ̀ kùtùkùtù ni kẹ́ ẹ gbéra. Ẹ fẹnu kò lórí aago tẹ́ ẹ máa padà kẹ́ ẹ tó kúrò nísàlẹ̀. Tí aago náà bá ti lù, ẹ padà, ibi yòówù kẹ́ ẹ dé.

Ohun mìíràn tún wà tí àlejò kì í rò. Igbó kò ní àmì ààlà. Jámánì ló ń ṣàkóso ilẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀ lábẹ́ orúkọ Togoland. Lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́, Bìrìtìkó àti Faransé pín in láàárín ara wọn. Ní ọdún 1956, àwọn èèyàn apá ti Bìrìtìkó dìbò, apá náà sì dara pọ̀ mọ́ Gold Coast tó di Ghana lọ́dún 1957. Bí ààlà ṣe gba àárín àwọn òkè àti àárín àwọn Ewe nìyẹn. Igi tó wà ní Togo kò yàtọ̀ sí ti Ghana. Ẹni tó bá ń rìn kiri láìsí ẹni tó mọ̀nà lè bá ara rẹ̀ ní orílẹ̀èdè míì láìgba òǹtẹ̀, kó sì di ẹni tó ń ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ṣọ́jà.

Kí ló dé tí ìsọ̀kalẹ̀ fi le ju ìgòkè lọ?

Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé wàhálà ti tán téèyàn bá ti dé orí òkè. Ẹ bi orúnkún yín léèrè ní ọjọ́ kejì. Nígbà ìgòkè, èémí lẹ̀ ń ná. Nígbà ìsọ̀kalẹ̀, orúnkún àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló ń gba gbogbo ẹrù ara, ó sì ti rẹ̀ yín nígbà yẹn. Ìgbà náà ni ẹsẹ̀ máa ń yẹ̀.

Ẹ gé èékánná ẹsẹ̀ yín kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, ẹ tún okùn bàtà so kó le, kí ẹsẹ̀ má báa máa sún síwájú. Ẹ gbé ìgbésẹ̀ kúkúrú, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀kalẹ̀ níbi tó bá ga. Ẹ mú ọ̀pá dání. Ẹ má sáré, kódà tí ọ̀rẹ́ yín bá ń ya fídíò.

Kí lẹ máa kó dání?

Omi ló ṣáájú. Nínú ooru wa, ẹ ṣírò nǹkan bí ìdajì lítà fún wákàtí kan, nítorí náà kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé lítà méjì ó kéré tán. Ẹ mú ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí kúlíkúlí tó lè fún yín lókun. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti fèrè tí ẹ lè fọn tẹ́ ẹ bá sọ nù, ẹ mú aṣọ òjò, kẹ́ ẹ sì mú oògùn tí dókítà ní kí ẹ máa lò. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró lórí òkè, torí náà ẹ sọ aago tẹ́ ẹ máa padà fún ẹni tó wà ní ibùdó. Nọ́ńbà pàjáwìrì ní Ghana ni 112.

Tí ejò bá bu ẹnì kan ṣán, ẹ má gé ojú ibẹ̀, ẹ má fi ẹnu fa á, ẹ má sì fi okùn dì í pinpin. Ẹ bọ́ òrùka tàbí ìlẹ̀kẹ̀ tó bá wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kó máa gbé ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ní ti àgọ́, ẹ má pa á síbi tó bá wù yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará abúlé. Wọ́n mọ ibi tí omi máa ń gbà tí òjò bá rọ̀ lóru, wọ́n sì mọ ọ̀nà tí ìjàlọ ń tọ̀. Ẹ má dáná nínú igbó nígbà ọyẹ́. Gbogbo ọ̀rá píọ́ọ̀ wọ́tà tẹ́ ẹ bá gbé gòkè ni kẹ́ ẹ gbé sọ̀kalẹ̀.

Ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà láti wọ Ghana, torí àdéhùn ECOWAS fún wa ní 90 ọjọ́. Síbẹ̀, ẹ mú pásípọ́ọ̀tù àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú dání, kí ẹ sì gba òǹtẹ̀ ní gbogbo ààlà tẹ́ ẹ bá kọjá. Tí ọkọ̀ ò bá wọ abúlé, ọ̀kadà wà. Orúkọ tí a ń pè é nílé náà ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

Kí ni èyí kàn wá nílé?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú yín máa béèrè pé ṣé kò sí òkè ní Nàìjíríà ni. Ó wà. Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Taraba, tó wà nínú ọgbà igbó Gashaka Gumti, ga tó mítà 2,419. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta Afadja, ìnàkí sì ṣì wà nínú igbó tó yí i ká. Èèyàn mélòó nínú yàrá yìí ló ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí?

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ lọ wò ní Liati Wote nìyẹn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gba àlejò. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ yín sínú ìwé kẹ́ ẹ tó gòkè, kí wọ́n lè mọ ẹni tí kò tíì padà. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń fi owó náà ṣe, wọ́n á sọ fún yín. Lẹ́yìn náà, ẹ padà wálé wá ronú lórí àwọn òkè tiwa, àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé lẹ́sẹ̀ wọn tó jẹ́ pé ayùn nìkan ni iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ fún wọn.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá délẹ̀ yẹn, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ sanwó, ẹ san án tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Ẹ béèrè orúkọ afinimọ̀nà yín, ẹ fi orúkọ náà pè é. Tó bá ní kẹ́ ẹ dúró, ẹ dúró. Tó bá ní ó tó àkókò láti padà, ẹ má bá a jiyàn. Ọmọ ilẹ̀ yẹn ni, ìgbà tẹ́ ẹ bá lọ tán, òun àti igbó náà ló kù.